Ọkọ̀ Olórí Méjì

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá síbí. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹní yìí á gba gbogbo wa. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́ kó pín fún ẹnì kejì rẹ̀, kí ariwo yín má baà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ìwọ náà, Bàbá Ìbídùn, ọmọ mi, má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá gba owó orí. Jókòó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ìbídùn ló ń dùn ọ́, pé o rán an nílé-ìwé kó lè di agbẹjọ́rò, ó wá ń ya àwòrán tí wọ́n fi ń ṣe géèmù. Mi ò ní bá ọ jà. Àkàwé kan ni mo fẹ́ ṣe, àwọn ọmọ ni mo sì ń ṣe é fún. Bí ó bá ta sí ọ létí, ọwọ́ rẹ ló kù sí.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí ọ̀sà, tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Ọkọ̀ tó bá gbẹ́ kì í mu omi, kì í sì í fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ìyàwó kan, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo.

Ọmọ yìí fẹ́ràn géèmù kan tí wọ́n ń ta bí ayò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni méjì ló ń ta á pọ̀. Àwọn méjèèjì á wà nínú ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ náà ní orí níhìn-ín, ó ní orí lọ́hùn-ún, kò ní ìdí rárá. Wọ́n á kọjú síra wọn, wọ́n á máa tù ú gba inú odò ńlá kan kọjá. Bí àpáta bá wà lẹ́yìn ẹnì kan, òun fúnra rẹ̀ kò lè rí i, ẹnì kejì rẹ̀ ló máa rí i. Bí ọ̀nì bá sì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹnì kejì, ẹni àkọ́kọ́ ló máa pariwo. Inú géèmù yìí ni ọmọbìnrin náà àti ọmọkùnrin kan tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀sà ti mọ ara wọn. Olúkúlùkù wà nílé tirẹ̀, wọ́n ń pariwo ọ̀nì fún ara wọn títí ìfẹ́ fi wọ àárín wọn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ìgbéyàwó, wọ́n ní bí géèmù yẹn gan-an ni àwọn fẹ́ kó rí. Wọ́n á ri igi mọ́ inú omi, wọ́n á gbé fìtílà aláwọ̀ ewé kọ́ sórí rẹ̀. Kéèkì á rí bí ọ̀nì, tòun ti eyín.

Bàbá ní, “Ọ̀nì? Èmi tí mo ti ń sá fún ọ̀nì láti kékeré, ẹ wá fẹ́ kí n fi ọ̀bẹ gé e jẹ?”

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé e, baálé mi. Ẹ ó gbẹ̀san nìyẹn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá gbà fún ọ̀nì, ó gbà fún fìtílà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni kò gbà, nítorí àwọn ọmọ fẹ́ kó gbẹ́ ọkọ̀ olórí méjì bíi ti inú géèmù, kí ọkọ fi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ìdí tí kò fi gbà. Ní ìlú yẹn, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ pọ̀ lórí omi, ọkọ̀ alájẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ tù ni wọ́n fi ń gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Iwájú ni ìyàwó gbọ́dọ̀ máa wò. Kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní èyí tó bá bojú wo ilé bàbá rẹ̀ yóò padà síbẹ̀ tẹrù tẹrù. Nítorí náà, gbogbo bàbá ìyàwó tó bá dúró sí èbúté, ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ ló ń rí, títí òkùnkùn á fi gbé e mì. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ olórí méjì, ọkọ ló máa wo iwájú. Ìyàwó á máa wo ilé bàbá rẹ̀ títí wọ́n á fi gúnlẹ̀.

Bàbá ní, “Kò ní ṣẹlẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ ọkọ̀ tí yóò dá a padà fún mi.”

“Bàbá, mo bẹ̀ yín ni.”

“Mo gbọ́. Màá gbẹ́ ọkọ̀ fún ọ. Ọkọ̀ gidi.”

Ó sì gbẹ́ ẹ lóòótọ́. Kò tíì gbẹ́ irú rẹ̀ rí. Ó fín ẹja sí i lára, ó fi òróró pa á títí ó fi ń dán. Orí kan, ìdí kan. Ó pe ọmọ rẹ̀ kó wá wò ó. Ọmọ kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá. Ọwọ́ yín kò ní rọ.” Ó fọwọ́ pa ìdí ọkọ̀ náà, ó sì wọlé. Kò bínú. Kò sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ géèmù mọ́ nínú ilé. Wọ́n bi í pé irú kéèkì wo ló fẹ́ ní ìkẹyìn, ó ní, “Èyí tí ẹ bá fẹ́ náà ni.”

Ẹ̀yin ọmọ, ọmọ tó ń bá èèyàn jiyàn ṣì wà lọ́dọ̀ èèyàn. Èyí tó bá ti ń sọ pé “èyí tí ẹ bá fẹ́ náà ni,” ó ti ń lọ nìyẹn, kódà bó jókòó sí pálọ̀.

Ìyàwó agbẹ́kọ̀ bá baálé rẹ̀ níbi tó ti ń gbá èérún igi. Ó ní, “Baálé mi, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ńkọ́? Ṣé òun bojú wẹ̀yìn?”

Bàbá gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bojú wẹ̀yìn. Iwájú ló ń wò, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìyà jẹ ẹ́ nílé ọkọ, ebi pa á, ojú sì ń tì í láti wá sílé, nítorí ọmọ tó bá padà ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín. Ìgbà tí àwọn ará ilé máa fi gbọ́, òkú rẹ̀ ni wọ́n lọ gbé.

Ìyàwó ní, “Ẹ tilẹ̀ lọ wo ohun tí ọmọ yín ń wò. Ẹ kò tíì wò ó rí, ẹ ti kọ̀ ọ́.”

Bàbá wọlé, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, “Tan géèmù yẹn. Kí o sì gbé nǹkan tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ fún mi.” Ọmọ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa, ó sì na páàdì sí i. Wọ́n gbéra. Kò pẹ́ tí ọmọ fi ké.

“Bàbá, àpáta! Ó wà lẹ́yìn yín, lápá ọ̀tún!”

“Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní omi?”

Ọkọ̀ fọ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá, ọ̀nì!”

“Mi ò rí ọ̀nì kankan.”

Lóòótọ́ ni kò rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. Ọ̀nì gbé e mì tọkọ̀ tọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ń já ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ní, “Ẹ ò tíì gbẹ̀san, ó tún ti jẹ yín!”

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Bí ọmọ bá ní ọ̀tún, á tù ú sí ọ̀tún. Òun náà á rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọmọ, á fi gbogbo ohùn ké e: “Òsì! Òsì, ọmọ mi!” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gúnlẹ̀. Bàbá gbé páàdì lé itan.

Ọmọ ní, “Bàbá, kì í ṣe pé mo fẹ́ padà wá o. Mo kàn fẹ́ máa rí yín ni.”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ayùn fi ń dún. Agbẹ́kọ̀ ń gé ìdí ọkọ̀ tó dára jù lọ nínú gbogbo èyí tó ti gbẹ́. Ó gbẹ́ orí mìíràn, ó kàn án mọ́ ọn, ó fi oje igi dí ojú ibi tó ti kàn án. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá dúró, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, ibo wá ni ọkọ̀ yìí dorí kọ?”

“Ibi tí ọmọ mi dorí kọ ni.”

“Èwo ni orí nínú méjèèjì?”

“Máa lọ sílé. Ebi ló ń pa ọ́.”

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Fìtílà aláwọ̀ ewé tò sórí omi lọ bí ẹyẹ tó bà. Bàbá ló kọ́kọ́ gé imú ọ̀nì, ó jẹ ẹ́, gbogbo agbo pariwo. Oòrùn wá ń wọ̀, àwọn àlejò láti òdìkejì dìde kí wọ́n lè gbé ìyàwó wọn máa lọ. Ni bàbá bá ní kí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n jáde sí àgbàlá. Ó na páàdì sí bàbá ọkọ. Ó ní, “Àna mi, ẹ jẹ́ ká gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.”

Bàbá ọkọ kò di páàdì mú rí. Wọ́n rì. Wọ́n tún rì.

“Àna, mo ní ọ̀nì!”

“Ẹ ò tètè sọ ọ́!”

“Mo sọ ọ́! Ẹ̀yin lẹ̀ ń wojú ìyàwó yín!”

Ìyá ọkọ sùn, ó jí, wọ́n ṣì ń rì. Bí àlejò kan bá ti mú bàtà rẹ̀, bàbá á ní, “Ẹ jókòó, ó ku díẹ̀.”

Bàbá Ìbídùn, ọmọ mi, ìwọ ni mo ń bá wí báyìí. Ìbídùn kò ní kí o fẹ́ràn géèmù. Ṣé o ti ní kó fi ẹyọ àwòrán kan hàn ọ́ rí? O kò tíì wò ó, o ti kọ̀ ọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ, ìwọ kò lè rí i, ọmọ rẹ ló máa rí i. Ohun tó wà lẹ́yìn tirẹ̀, ojú rẹ ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá kẹ̀yìn síra yín, ta ni yóò pariwo ọ̀nì fún ta ni? Fóònù rẹ wà lápò rẹ. Pè é, kí o ní, “Fi hàn mí.” Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná, kí o wá pè é.

Àwọn ọmọ ń wò mí pé ṣé àwọn àlejò yẹn wá lọ ṣá. Wọ́n lọ. Àwọn kan ní géèmù ló wọ bàbá lára tí kò fi jẹ́ kí wọ́n tètè lọ. Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òkùnkùn ni ìrọ̀lẹ́ ń bọ́ sí, ìmọ́lẹ̀ ni ìdájí ń bọ́ sí, ojú ọmọ rẹ̀ ni bàbá sì fẹ́ máa rí. Nígbà tí ojú ọ̀run là, àwọn àlejò wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n ń yán. Nínú ọkọ̀ olórí méjì náà, ọkọ ń wo iwájú. Ìyàwó ń wo èbúté. Bàbá wọ omi dé orúnkún, ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó, títí ojú náà fi kéré bí ẹ̀kùrọ́. Ó gbọ́ tí ọmọ ké láti òkèèrè.

“Bàbá! Ọ̀nì! Ó wà lẹ́yìn yín!”

Ó yí padà kíá. Ìyàwó rẹ̀ ló dúró síbẹ̀, ó gbé ìrù kéèkì tó ṣẹ́ kù sórí abọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó máa fi kọjú sí ọ̀sà padà, àwọn àlejò ti lọ, ilẹ̀ sì ti mọ́.