Omi Kànga Tí Ọ̀mọ̀wé Kò Mu

Ọ̀mọ̀wé Láníyọnu, ọmọ ìlú wa, yẹ omi kànga wa wò, ó sì wá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun tó rí fún wa ní gbọ̀ngàn. Kò yé wa, a ṣáà pàtẹ́wọ́. Omi inú ike tó gbé wá ló ń mu. A ní fáàrí ni.

Kò pẹ́ tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fi dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ọ̀mọ̀wé sáré dé.

"Ṣebí mo sọ fún yín pé ṣáláńgá ń jò sínú kànga yẹn."

Ìyá Ṣiyanbọ́lá, aládùúgbò tó ń tọ́jú aláìsàn náà, dá a lóhùn. "Ṣé o ò mọ ohun tí Yorùbá ń pe ṣáláńgá lọ́jọ́ yẹn ni? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Gba garawa èébì yìí. Ìwọ lo máa ṣọ́ ìyá rẹ mọ́jú."