Alága Ní Òun Kò Ní Ọpọlọ
Ní ọgbà mẹkáníìkì wa, ẹnu Alága ni òfin, òun nìkan ló sì ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Ó ta ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé kan fún Ìbídùnní, mẹkáníìkì obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wa, pé kó gbé e sínú ọkọ̀ kékeré àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Bí kò bá sì sítáàtì kí oòrùn tó wọ̀, kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́gbà. Ìbídùnní so ó tán, ló bá rí i pé àpótí pẹlẹbẹ tí à ń pè ní ọpọlọ, èyí tó ń sọ ìgbà tí àwọn fáàfù yóò ṣí àti ìgbà tí wọn yóò pa dé, kò sí níbẹ̀. Ó lọ bá Alága. "Mi ò ní ọpọlọ," ni Alága wí. Ìbídùnní kúnlẹ̀, ó fọwọ́ gbé etí: "Ẹ dákun, sà, kí lẹ ò ní?" "Ọpọlọ! Ṣé o dití ni? Mi ò ní ọpọlọ!" Ìbídùnní dúpẹ́, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Alága: ALÁGA NÍ ÒUN KÒ NÍ ỌPỌLỌ. Kò pẹ́ tí gbogbo ọgbà fi pé síbẹ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Alága já síta: "Ta ló ní mi ò ní ọpọlọ? Mo ní ọpọlọ!" Ìbídùnní tẹ́ ọwọ́ méjèèjì: "Ó dáa, sà. Ẹ gbé e wá." Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wọlé, ó sì fà á yọ lábẹ́ àga rẹ̀. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí ọkọ̀ àtijọ́ náà fi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìbídùnní yọrí lójú fèrèsé: "Alága, ọpọlọ yín mà pé o!"