Alákàn Tó Da Edé Omi Mẹ́ta Pọ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ dákun, ohùn mi kì í lọ sókè. A ti gbàdúrà alẹ́ tán, ẹni tó bá ń tòògbé kó máa lọ sórí ẹní. Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn, ó lọ bá Alákàn ní ẹnu ààrò.

Ní ìgbà kan rí, omi mẹ́ta pàdé ní ibì kan. Òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, odò sì ń ti inú igbó ṣàn bọ̀. Edé wà nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn ò jọra. Ti òkun kéré wẹ́wẹ́, ó funfun débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ là á já. Ti ọ̀sà jù ú lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹrẹ̀. Ti odò ló tóbi jù, ó tún ní apá gígùn méjì tó ń nà síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni.

Kí lo wí, Ìbídùn? Èwo ni mo fi se ọbẹ̀ lánàá? Ọmọ mi, èmi náà ò mọ̀. Bí wọ́n bá ti yan án gbẹ, tí wọ́n gún un, edé ni mo máa ń pè é. Fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o, torí òun gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀.

Òfù, ẹyẹ tó ní àpò lábẹ́ ẹnu yẹn, ló ń kó edé òkun. Ọ̀nì ló ń dẹ ìgèrè sínú ọ̀sà. Pẹ́pẹ́yẹ, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ló ń ṣa ti odò. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti fẹ́ dé, wọn á kó edé wọn lọ fún Alákàn, torí òun nìkan ló ní ààrò. Á yan án, á gún un, wọn á bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún un, wọn á sì gbé ìyókù lọ sílé. Ohun tí wọ́n fi ń la ọ̀gbẹlẹ̀ já nìyẹn.

Àṣà kan wà níbẹ̀. Wọn kì í da edé omi kan pọ̀ mọ́ ti omi mìíràn. Odó ọ̀tọ̀, ọpọ́n ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló fà á, wọn á ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn.

Alákàn yìí, wọ̀bìà ni. Bí Òfù bá dé, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ mọ̀ pé ọmọ òkun ni mí? Ẹ bù sí i fún àbúrò yín." Òfù á bù sí i. Bí Ọ̀nì bá dé, á dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, inú ọ̀sà yín yìí ni wọ́n bí mi sí." Inú Ọ̀nì á dùn, á bù sí i. Pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́? "Ìyá, ọmọ odò kan náà ni wá." Òun náà á bù sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kì í tó.

Lọ́dún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ tètè dé. Odò fà títí ó kù díẹ̀ kó di ipa ẹsẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ṣa gbogbo edé tó rí, ó gbé e wá, àwọn ọmọ rẹ̀ tò tẹ̀ lé e.

"Alákàn, èyí nìkan làwọn ọmọ mi máa jẹ títí òjò á fi rọ̀. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó jóná."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣebí èmi ni."

Òfù àti Ọ̀nì náà ti gbé tiwọn wá. Alákàn kó gbogbo rẹ̀ síná. Bí iná ṣe kàn án, edé òkun tó funfun di pupa. Ti ọ̀sà di pupa. Ti odò náà di pupa. Ó gún wọn, wọ́n di ìyẹ̀fun. Ó wo ibí, ó wo ọ̀hún, kò mọ èyí tí í ṣe ti ta ni mọ́. Ló bá rẹ́rìn-ín. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú ọpọ́n kan ṣoṣo, ó rò ó pọ̀. Nígbà tó rí àwọn ẹlẹ́dé lọ́ọ̀ọ́kán, ó jókòó sílẹ̀, ó figbe ta.

"Yéè! Mo gbé! Afẹ́fẹ́ ti da edé yín pọ̀!"

Ọ̀nì ní, "Ìyẹn ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Pín in sọ́nà mẹ́ta."

"Háà, Bàbá! Ẹ ò mọ ìdí tí a kì í fi í dà á pọ̀ ni? Ìyá ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó bá jẹ edé omi tí kì í ṣe omi rẹ̀, orí rẹ̀ á dàrú. Kò ní mọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́ láéláé."

Òfù la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á.

"Ṣé a ò lè ṣa tiwa kúrò nínú rẹ̀?"

"Ìyẹ̀fun? Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣà á ká wò ó."

Ọ̀nì ti imú bọ ọpọ́n. "Ti ọ̀sà nìyí." Ó sún sápá kejì. "Ti ọ̀sà náà nìyí. Àbí ti òkun ni? Dúró ná, ibo ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn?" Ibi tó ti ń rò ó, ó sín. Hàtíṣóò! Ìyẹ̀fun edé fọ́n káàkiri ilẹ̀.

"Kí làwọn ọmọ mi máa wá jẹ báyìí?" Pẹ́pẹ́yẹ ló bèèrè.

Alákàn nu ojú. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Màá bá yín gbé e jù nù síbi tó jìnnà, kó má pa ẹnikẹ́ni lára."

Wọ́n ti fẹ́ máa lọ nígbà tí Pẹ́pẹ́yẹ wẹ̀yìn. Ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ pupa fòò! Wọ́n ti ṣa ìyẹ̀fun ilẹ̀ jẹ.

"Mo kú o! Àwọn ọmọ mi ti sọnù!"

Àwọn ọmọ ò tilẹ̀ gbọ́. Wọ́n ti yó, oorun ń kùn wọ́n. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n gba etí odò, wọn ò yà sọ́tùn-ún, wọn ò yà sósì. Ìyá wọn ń sáré, ó ń ké pe Ẹlẹ́dàá. Kó tó dé ìtẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ti sùn síbẹ̀.

Ó sáré padà, ó ń mí hẹlẹ. "Wọ́n délé! Wọ́n délé ṣáájú mi!"

Òfù ní, "Bóyá kò tíì dé orí wọn."

Alákàn yára gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni! Ọmọdé ni wọ́n, àgbà ló máa ń mú."

Pẹ́pẹ́yẹ wò ó. Kò pariwo. "Ó dáa. Àgbà ni ìwọ. Jẹ ẹ́ lójú wa, kí o sì máa lọ sílé. Ọmọ odò ṣáà ni ọ́."

"Odò kẹ̀?" Òfù fò sókè. "Ọmọ òkun ni, àbúrò mi ni!"

Ọ̀nì ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Inú ọ̀sà ni wọ́n bí i sí. Ẹnu ara rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ."

Wọ́n wo ara wọn. Alákàn kò rí wọn, ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ ọpọ́n. Ó jẹ, ó jẹ, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbà tó gbójú sókè, kálukú ti lọ dúró létí omi tirẹ̀, wọ́n ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Alákàn, ilé rẹ dà o?
— Yẹ̀gẹ̀dẹ̀!
Ṣé lókun ni, ṣé lọ́sà ni?
— Yẹ̀gẹ̀dẹ̀!
Ọmọ odò, máa bọ̀ nílé o.
— Yẹ̀gẹ̀dẹ̀!

Ó kọjú sí òkun, ó rí Ọ̀nì tó la ẹnu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà. Ó yí sí ọ̀sà, Òfù na ọrùn. Ó yí sódò, ó rí ojú Pẹ́pẹ́yẹ, kò lè wò ó. Èyíkéyìí tó bá lọ bá nínú wọn, àwọn tó kù á mọ̀ pé ó purọ́ jẹ edé àwọn. Ojú rẹ̀ yọ síta níbi tó ti ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí kò lè kọjú sí ẹnikẹ́ni mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ rìn, yẹ̀gẹ̀ yẹ̀gẹ̀, títí ó fi já sínú ihò kan nínú ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ló wà di òní.

Òfù mi orí. "Ẹ ò rí i? Orí rẹ̀ dàrú lóòótọ́." Títí di òní náà, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì yé Òfù.

Wọ́n pín edé tó kù. Ọ̀nì bu díẹ̀ nínú tirẹ̀ kún ti Pẹ́pẹ́yẹ, àwọn ọmọ sì jẹ ẹ́ títí òjò fi rọ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ má ṣe torí oúnjẹ pe ara yín ní ọmọ gbogbo ilé. Bí ẹnìkan bá sì fi ẹ̀rù gba nǹkan lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òun fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù.

Ìbídùn, o tún fẹ́ bi mí bóyá òótọ́ ni èèwọ̀ yẹn? O jẹ edé lánàá, o ò mọ omi tó ti wá. Ó yá, dìde, máa lọ sí yàrá yín, ká wò ó bóyá wàá mọ̀nà.