Òrí tí Àwẹ̀ró fi ń Pa Akínbọ̀ Lára

Báwo ni ìyá ṣe lè máa wo ọmọ rẹ̀ láràárọ̀, kí ó má sì rí ohun tó ń ṣe é? Títí Àwẹ̀ró aya Akínlàjà fi hu ewú, kò rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Ọmọ Òkèèru ni Àwẹ̀ró, ìlú kan lórí òkè olókùúta, níbi tí àwọn ọkùnrin kò ti ga. Nísàlẹ̀ òkè náà, lẹ́bàá odò ńlá, ni ilẹ̀ Etídò wà. Ọba wọn yàtọ̀, òfin wọn yàtọ̀, àwọn ọkùnrin wọn sì ga bí ọ̀pẹ. Kì í ṣe pé kò sí kúkúrú ní Etídò tàbí gíga ní Òkèèru o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà ààlà, bí ọkùnrin ilẹ̀ méjèèjì bá tò lọ tẹrù-tẹrù, ẹni tó dúró lókèèrè á rí i pé ẹrù Etídò ló wà lókè, ti Òkèèru ló wà nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ Etídò a sì máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ará òkè, ẹ ò tíì dìde ni? Ẹ dìde ká lè kí yín!"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Baálẹ̀ Òkèèru wọra. Ó gbà pé inú ẹ̀jẹ̀ ni gíga wà, pé ohun tí ìlú kò bá ní, ó lè fi ìgbéyàwó mú un wọlé. Ó wá pe Akínlàjà, apẹja kan láti Etídò tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ó fún un nílẹ̀ lẹ́bàá odò kékeré, ó sì fi Àwẹ̀ró, ọmọ àbúrò rẹ̀, fún un láya.

"Mi ò ní gba iṣu lọ́wọ́ rẹ," ni Baálẹ̀ wí, "mi ò ní gba epo. Ọmọ gíga ni ìṣákọ́lẹ̀ mi."

Wọ́n ní kí Akínlàjà fi ọwọ́ han ibi tí orí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa ń dé ní ìlú rẹ̀. Wọ́n fi àdá ṣá òpó ọjà níbẹ̀.

Nígbà tí Àwẹ̀ró bí Akínbọ̀, ìlú yọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà rìn, ó sọ̀rọ̀, ó pààrọ̀ eyín, kò ga. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lódò. Nígbà tó yá, Baálẹ̀ sọ ọ́ síta: bí Akínbọ̀ bá pé ọdún mẹ́wàá tí orí rẹ̀ kò kan àmì, a jẹ́ pé baba rẹ̀ wà níbòmíràn, kí òun àti ìyá rẹ̀ kó jáde nílé Akínlàjà. Akínlàjà mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n àlejò ni lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Kí ni Àwẹ̀ró ì bá ṣe? Ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ló ń ṣe. Láràárọ̀, yóò wẹ ọmọ náà, yóò nà án lápá, yóò nà án lẹ́sẹ̀, yóò sì fi òrí pa á títí ara rẹ̀ yóò fi máa dán. Ìkókó ni wọ́n ń nà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń lọ sóko ni Àwẹ̀ró ń nà.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, apá mi fẹ́ já," ni Akínbọ̀ máa ń wí.

Aládùúgbò a sì ké láti òdìkejì ọgbà pé, "Àwẹ̀ró, ṣé ọmọ lò ń wẹ̀ ni, àbí okùn lò ń fà?"

Ní ti oúnjẹ, ó pa àṣà ìlú mọ́. Ní Òkèèru, ọmọdé kì í jẹ ẹyin, kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kí ó má baà mọ adùn kó sì dolè. Àgbà ló ń jẹ ìwọ̀nyẹn. Èkọ àti omi ọbẹ̀ ni ti ọmọ. Akínlàjà gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti bu ẹja fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró já a gbà.

"Baba Akínbọ̀! Wọ́n ti ń pè é lọ́mọ àlè. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún pè é lólè ni?"

Ọdún tí ọmọ náà pé mẹ́wàá, Akínlàjà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Etídò pé kó wá bá wọn dúró lọ́jọ́ ọdún iṣu. Gbogbo ìlú jáde láti wo obìnrin gíga. Èyí tó dé kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju odó lọ.

"Ìyá," ni ẹnì kan wí, "ṣé ẹ gbàgbé ìdajì yín sódò ni?"

"Ìdajì tó gbọ́n ni mo mú wá," ni ó dáhùn.

Wọ́n mú Akínbọ̀ lọ sídìí òpó. Orí rẹ̀ jìnnà sí àmì náà. Baálẹ̀, tí àwo ẹja ọdún wà níwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè kó tó sọ̀rọ̀.

"Àwẹ̀ró, lọ kó ẹrù rẹ."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, kò lè sunkún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ó ń fọwọ́ pa á lápá.

"Kí ló ń dán báyìí?"

"Òrí ni, Ìyá mi. Láràárọ̀ ni mo ń fi pa á."

Ìyá náà fi etí ìró rẹ̀ nu òrí kúrò. Àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì funfun bí ẹsẹ̀ adìẹ tó ń jẹ̀ nínú eérú.

"Kí ló jẹ lónìí?"

"Èkọ àti omi ọbẹ̀ ni, Ìyá mi."

"Ẹja tí ọmọ mi ń pa ńkọ́?"

Ojú Àwẹ̀ró lọ síbi àwo Baálẹ̀. "Àwọn àgbà ló ń jẹ ẹ́."

Ìyá náà yíjú sí àwọn àgbà. Ó kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa kó tó bi wọ́n. "Ẹ dákun, nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ ẹja yìí, ta ló ṣì ń ga lọ́wọ́?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Baálẹ̀ rọra gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Òrí kọ́ lọ̀rẹ́ àwọ̀," ni ìyá náà wí. "Àlejò ni òrí, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Oúnjẹ ló ń wọlé. Ní Etídò, ọmọ la kọ́kọ́ ń bu ẹja fún. A ní olè o, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ ju tiyín lọ. Ẹ fún mi ní ọmọ yìí títí irùngbọ̀n rẹ̀ yóò fi hù. Bí kò bá dé èjìká baba rẹ̀, kí èmi náà bá wọn kó jáde."

Baálẹ̀ gbà. Ìyá náà kò padà sí Etídò mọ́. Ilé Akínlàjà ló jókòó sí, ó ń ṣọ́ àwo ọmọ.

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹja fún Akínbọ̀. Ó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ kiri, bóyá yóò jalè. Ọmọ náà kò mú nǹkan kan. Àwọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́rìí: ó ń dán láìsí òrí. Lẹ́yìn náà ni ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ fi hù, ó ti kọjá èjìká baba rẹ̀, gbogbo ẹnu ọ̀nà Òkèèru ló sì ń bẹ̀rẹ̀ fún. Àwọn ìyá yòókù ti ń fi ẹyin pamọ́ sábẹ́ èkọ àwọn ọmọ wọn. Baálẹ̀ rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìyá Akínlàjà kú, wọ́n gbé e lọ sin sí Etídò. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí bi ìyá náà rí. Orí òkè Òkèèru ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n bí ọkọ rẹ̀ sí. Ìyàn kan ló lé àwọn méjèèjì wá sí etí odò nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Akínlàjà. Ẹ̀jẹ̀ Etídò kankan kò sí lára Akínlàjà. Ẹ̀jẹ̀ Òkèèru ni Baálẹ̀ fi ilẹ̀ Òkèèru rà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà, lórí òkè àti létí odò, fi ń pa á lówe títí di òní pé oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀.