Ìgbín Tí Ó Ń Fò

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rọra wọ́, ó dúró lórí Ìgbín.

Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n lé Ìgbín kúrò ní agbo àlọ́ nítorí pé ó fi ara rẹ̀ sínú ìtàn.

Ìtàn odò tó gbẹ ni, èyí tí gbogbo ẹranko mọ̀. Nínú ti Ìgbín, ìgbín arẹwà kan tó ní apá bí àwòdì ló fò lọ bu omi wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìgbín pa ìtàn náà. Lẹ́ẹ̀kínní, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì, Ọ̀bọ ní, "Ìwọ tí o fi ọjọ́ mẹ́ta gun igi ìbẹ́pẹ!" Lẹ́ẹ̀kẹta, Kìnnìún bú ramúramù: "Jáde! Ara rẹ lo kàn ń gbé ga."

Ìgbín ní, "Kábíyèsí, nínú ìtàn tiyín, ta ló ń rí omi?"

Ẹ̀yin ọmọ, ta ni?

Kìnnìún ni!

Ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín sí ìyẹn rí.

Ìgbín ń lọ, ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

Mo fẹ́ rí orí igi láti òkè,
Ìgbín, máa fò.
Ìbáà ṣe nínú àlọ́ nìkan,
Ìgbín, máa fò.

Ekòló gbọ́ orin náà, ó yọrí láti inú ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ekòló kan lè wà nínú ìtàn yẹn, tó ní ojú?"

Ìgbín dúró. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì í.

"Irú ojú wo lo fẹ́?"