Akọ̀wé àti Ríìmù Ńlá

Òótọ́ ni ìtàn yìí, mo fi orí ìyá mi búra. Ó dáa, orí ìyá mi ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n fi orí ewúrẹ́ ilé wa búra. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni òótọ́. Èyí tí kì í ṣe òótọ́, n ó sọ ọ́ kí n tó jókòó.

Ọkùnrin kan wà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ jìnnà. Akọ̀wé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ ìwé tó ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ omi. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, òun àti rédíò ni. Á jẹun lórí ìdúró, á fọ abọ́ kan ṣoṣo, á wọlé sùn.

Àárọ̀ nìkan ni kì í dá wà. Ó ní ọkọ̀ kékeré kan tó fi ń gbé àwọn aládùúgbò mẹ́ta lọ sí ìgboro lọ́fẹ̀ẹ́: Màmá olówùú, télọ̀ kan, àti tíṣà obìnrin kan. Ẹ̀yìn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń fún ara wọn mọ́. Àga iwájú ti jẹ́ ti ìyàwó Akọ̀wé rí. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má jókòó síbẹ̀. Wọ́n kàn ń fò ó ni.

"Akọ̀wé, kí lo jẹ lánàá?" Màmá á bi í.

"Ẹ̀bà ni, Màmá."

"Ẹ̀bà lánàá, ẹ̀bà níjẹta. Ṣé gaàrí ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Télọ̀ á dá sí i pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Ìdí ṣòkòtò tí mo rán fún un ṣì ṣófo. Ẹ̀bà náà kò tíì débẹ̀."

Tíṣà á bú sẹ́rìn-ín, á sì máa rẹ́rìn-ín títí wọn á fi dé ìgboro. Ẹ̀rín yẹn ni Akọ̀wé fi ń jẹun alẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ó rí ọkọ̀ kan nílé epo. Ríìmù rẹ̀, irin tí táyà ń wọ̀, tóbi, ó ń kọ mọ̀nà. Àwọn èèyàn yí i ká, wọ́n ń bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀. Akọ̀wé dúró wò wọ́n títí. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Bí ọkọ̀ mi bá rí báyìí, àwọn èèyàn á máa yà sọ́dọ̀ mi, kò ní jẹ́ àárọ̀ nìkan." Ó wá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ríìmù tòkunbọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ọkùnrin náà ní, "táyà tó bá èyí mu pẹlẹbẹ o. Rọ́bà rẹ̀ kò pọ̀. Kò ní lè gba kòtò mọ́ra."

"Ṣé ó ń dán?"

"Ó ń dán."

"Bá mi dè é."

Nílùú wa, a kì í bá nǹkan tuntun wí. Bàtà tuntun ìbáà máa bó ẹsẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́, àdúrà là ń ṣe: "Ẹ kú ìnáwó, ẹ ó lò ó gbó." Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n rí ríìmù náà, Akọ̀wé sì dáhùn pé àmín.

Wọ́n gbéra. Kòtò kékeré tí táyà àtijọ́ máa ń gbé mì wá ń gbá ọkọ̀ bí ẹni tó ń já ilẹ̀kùn. Sítíárìn wúwo. Ibi tí ojú ọ̀nà bá ti là, ọkọ̀ á fẹ́ tọ ipa ibẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì dé kọ́nà, táyà á máa ha fẹ́ńdà, irin tó bò ó lórí, lábẹ́ àwọn tó wà lẹ́yìn, nítorí ẹrù wọn ti tẹ ọkọ̀ wálẹ̀. Akọ̀wé ní tirẹ̀ rí sítíárìn dì mú, ojú rẹ̀ sì ń rí kòtò kó tó dé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Láìpẹ́, Màmá ní dókítà ní kí òun máa fẹsẹ̀ rìn, kí ara òun lè le. Télọ̀ ní òun ti ń tètè jáde. Tíṣà ní òun á máa bá ọ̀rẹ́ òun lọ. Olúkúlùkù wọn ló tún ṣàdúrà fún ọkọ̀ náà kó tó lọ.

"Ìlara ni," Akọ̀wé sọ fún rédíò rẹ̀.

Ó sì rí ẹ̀rí. Láti ìgbà tó ti ń dá wà nínú ọkọ̀, táyà kò ha fẹ́ńdà mọ́. "Ojú wọn ló ń ha á," ó ní. Ní ìdájí, ó ń gbàdúrà sókè pé kí Olúwa mú àwọn tí inú wọn kò dùn sí ire òun jìnnà sí òun. Màmá gbọ́ ọ láti òdì kejì ògiri. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ó ṣe àmín.

Lẹ́yìn náà, Akọ̀wé fi ẹsẹ̀ rọ́ níbi iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wa ọkọ̀ náà láti gbé e lọ sílé, àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sì dì í mú lórí àga ẹ̀yìn. Láti ìgbà tó ti ra ọkọ̀ náà, kò jókòó sẹ́yìn rí. Kò rí ọ̀nà. Kòtò kàn ń bá a nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ni. Ní kọ́nà, ó gbọ́ táyà tó ń ha lábẹ́ itan rẹ̀ gan-an.

"Jọ̀ọ́, rọra," ó ní.

"Mò ń rọra, Akọ̀wé. Ọkọ̀ yín ni kò rọra."

Ó rántí ẹ̀yìn Màmá tó ti tẹ̀. Ó rántí pé ibí gan-an ni Màmá jókòó sí tó fi ń sọ pé, "Ẹ kú ìnáwó."

Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó san tán, ó ti tiro lọ yọ ríìmù náà, ó sì de kékeré àtijọ́ tí kò dán padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn Màmá.

"Màmá, mo ti yọ ọ́."

Màmá jáde, ó fọwọ́ tẹ táyà wò. "Èyí sanra," ó ní. Ó wọlé sẹ́yìn ọkọ̀. "Kí la tún ń dúró dè?"

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Bí àwọn èèyàn bá ń rọra fi yín sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń ṣàdúrà fún yín bí wọ́n ti ń lọ, ẹ má tíì máa wá ọ̀tá. Ìwà ńlá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọ̀ lè máa dán lójú yín níwájú, kó máa fọ́ ẹlòmíràn ní egungun lẹ́yìn. Wọn kò ní sọ fún yín. Ẹ lọ jókòó síbi tí ẹ máa ń fi wọ́n sí, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ibi tí mo ti parọ́ kò pọ̀. Akọ̀wé kan ilẹ̀kùn lóòótọ́, Màmá sì fọwọ́ tẹ táyà náà. Ṣùgbọ́n kò wọ ọkọ̀. Ó ní ìrìn ti mọ́ òun lára, ó kí i pé ó kú ìnáwó, ó sì gbé igbá òwú rẹ̀ lọ. Akọ̀wé ń dá wa ọkọ̀ náà kọjá lára rẹ̀ láràárọ̀. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò gbọ̀n, kò ha nǹkan kan.