Bọ́ọ̀lù Tí Alága Gbá Dànù

Ní Òkè-Ọ̀rúrù, bí ẹ̀rù bá ń ba ènìyàn débi pé ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ju ohun tirẹ̀ nù, wọn kì í bẹ̀ ẹ́, wọn kì í sì í bá a sunkún. Ìbéèrè ni wọ́n máa ń bi í: "Olè kan ilẹ̀kùn, o kó ẹrù síta, ta ló jà ọ́ lólè?" Àlejò tó bá gbọ́ ọ á dúró rò ó. Olè wo ló ń kan ilẹ̀kùn? Ta sì ni aláìmòye tí yóò gbọ́ kó-kó-kó lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò wá ká ẹní, tí yóò di ìkòkò, tí yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ síta fún olè? Ẹ má rò ó jìnnà. Orí pápá bọ́ọ̀lù ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, inú sì ń bí obìnrin tó kọ́kọ́ sọ ọ́ gan-an lọ́jọ́ náà.

Sìkírátù ni orúkọ rẹ̀. Ní àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún méjìlá ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni méje, irú èyí tí wọ́n ń gbá lórí ìdajì pápá. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí kóòṣì rẹ̀ sì kọ́ ọ ni pé kó máa gbá a dànù. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, ó di ojú ọ̀run. Ó gbá bọ́ọ̀lù títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì mọ bó ṣe ń rí lẹ́sẹ̀ ẹni tí kò bẹ̀rù. Ó dùn ún wọra. Ó pinnu pé ọmọ tó bá gba ọwọ́ òun kọjá kò ní jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ Bísọ́lá tó ń ṣọ́lé, kò gbọdọ̀ jù ú sókè. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn á ya sọ́tùn-ún àti sósì bí ẹni tẹ́ ẹní, ẹni àárín á sún wá, wọn á sì máa fẹsẹ̀ ta á fún ara wọn láti ẹnu ilé tiwọn títí dé ẹnu ilé ẹlòmíràn.

"Bí wọ́n bá sáré bọ̀ wá bá ẹ, má sá," ni Sìkírátù máa ń wí. "Jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ẹ dáadáa. Ẹni tó wá bá ẹ ti fi ibì kan sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kó o ta á sí."

Àwọn àgbà àdúgbò kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù tó ń fi àyà àgbàlagbà ṣeré ni. Ẹni tí ó bí nínú jù ni Alága àdúgbò, Ráìmì Àkànní, nítorí òun ló ra jẹ́sì fún àwọn ọmọ, òun náà ló sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní máníjà, kó bàa lè rí àga jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Nígbà tí ìdíje ọlidé dé, tí ó ku eré kan kí wọ́n dé àṣekágbá, ọmọ kan tó ń gbá ẹ̀yìn, Mòríléwà, ṣèèṣì ta bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀ ọ̀tá, ọ̀tá sì gbá a wọlé. Ìsàlẹ̀-Odò pàpà borí, ṣùgbọ́n Alága ránṣẹ́ pe kóòṣì.

"Sìkírátù, àwa àti Òkè-Àgbẹ̀dẹ ló kù. Bí wọ́n bá tìtorí eré ẹ̀yìn yìí gbá góòlù kan péré wọlé wa, ẹgbẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ẹ. Gàníyù ọmọ mi ni yóò máa kọ́ wọn."

"Mo ti gbọ́, sà."

"Wàá ní kí wọ́n máa gbá a dànù?"

"Rárá, sà. Wọn ò ní gbá a dànù."

Alága wò ó látòkè délẹ̀. "Olóríkunkun ni ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Sìkírátù wí, ó sì kí i pé ó dàbọ̀. Ẹnu ló fi le o. Kò sí ohun tó fẹ́ràn láyé tó àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

Ọjọ́ àṣekágbá dé, gbogbo ìlú sì tú jáde. Àwọn ọmọ Òkè-Àgbẹ̀dẹ ti gbọ́ bí Ìsàlẹ̀-Odò ṣe ń gbá a, ni wọ́n bá ń ya bò wọ́n lẹ́nu ilé wọn. Síbẹ̀ ẹnìkankan kò rí góòlù jẹ. Ó ku díẹ̀ kí eré parí nígbà tí Bísọ́lá ta bọ́ọ̀lù fún Mòríléwà nítòsí òpó ilé. Ọmọ Òkè-Àgbẹ̀dẹ méjì sáré tọ̀ ọ́. Mòríléwà gbé ẹsẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ó dúró.

"Gbá a dànù!" Gbogbo Ìsàlẹ̀-Odò ló ń pariwo rẹ̀. "Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Sìkírátù ń wo pápá ní tirẹ̀. Ó ti rí i pé Fádérera, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, dá wà lápá òsì, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó sì rí i pé Mòríléwà náà ti rí i. Ọmọ náà ń gbé ẹsẹ̀ láti ta á nígbà tí nǹkan funfun kan kọjá lójú Sìkírátù. Alága ni. Ó ti ká agbádá lé èjìká, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó ti ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù sì fò kọjá ọgbà sínú oko ẹ̀gẹ́. Ìsàlẹ̀-Odò tilẹ̀ ti pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó rántí pé Alága kò sí lára àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Rẹfirí fọn fèrè. Ó ní máníjà jẹ́ ara ẹgbẹ́, máníjà tó bá sì wọ pápá lọ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́nu ilé tirẹ̀, pẹnáritì ló fi ta ẹgbẹ́ kejì lọ́rẹ.

"Ṣé mo fọwọ́ kàn án ni?" ni Alága bèèrè.

"Ẹsẹ̀ yín náà ò sí lára ẹsẹ̀ tí a kà, Bàbá," ni rẹfirí dáhùn.

Òkè-Àgbẹ̀dẹ gbá pẹnáritì wọlé. Kò pẹ́ tí eré fi parí, wọ́n gbé ife lọ. Mòríléwà jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Ṣé ẹ rò pé ojú ti Alága? Ó na ọwọ́ sí Sìkírátù níṣojú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n ti gbá a wọlé wa. Kó jẹ́sì mi wá, kó o sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ti kún Sìkírátù lọ́fun. Ó fa Mòríléwà dìde, ó nu ojú rẹ̀, kó tó wá dáhùn.

"Alága, ọmọ Òkè-Àgbẹ̀dẹ kankan ò tíì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù yẹn kí ẹ tó dé ibẹ̀. Olè kan ilẹ̀kùn, ẹ kó ẹrù síta. Ta ló jà yín lólè?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn gbà á, ẹ̀rín sì yí pápá po. Ẹ̀rín yẹn ló wá bí Alága nínú ju ife tó bọ́ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Múfú, àbúrò bàbá Sìkírátù, wá bá a nílé. Ìfẹ́ ló gbé e wá. "Ọmọ mi, fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹni, ó sàn ká fi ọ̀wọ̀ gbé e fún wọn."

Sìkírátù kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbà á. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n wá."

Wọ́n wá lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ wà lórí pápá pẹ̀lú aṣọ ilé, torí Sìkírátù ti fọ jẹ́sì, ó ti dá a padà. Gàníyù dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Alága ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, àwọn ará àdúgbò sì ń tẹ̀lé e láti wòran.

"Àǹtí Sìkírá, ẹ má bínú," ni Gàníyù wí. "Bàbá ló rán mi."

"Mi ò bínú sí ẹ. Bọ́ọ̀lù ló wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ yẹn. Gbà á lọ́wọ́ wọn, kó o sì máa kó gbogbo wọn lọ."

Gàníyù rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ó sáré lọ bá Bísọ́lá, bọ́ọ̀lù ti lọ. Ó sáré bá Fádérera, bọ́ọ̀lù ti padà sẹ́yìn. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ pápá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sáré kiri, ẹ̀rín sì ti kúrò lẹ́nu wọn. Nígbà tó yá, wọ́n há Mòríléwà mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó ilé. Gàníyù ń bọ̀ lápá kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń bọ̀ lápá kejì.

Sìkírátù ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n gbà á. Bí bọ́ọ̀lù yìí bá bọ́, àwọn ọmọ lọ nìyẹn. Mòríléwà gbé ẹsẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ó dúró. Ó dúró pẹ́ ju bí Sìkírátù fúnra rẹ̀ ì bá ti lè dúró lọ.

"Gbá a..." ni Alága bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbàgbé ẹni tó rán ọmọ rẹ̀ wá.

Ìyá Mòríléwà, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rọra yíjú sí i. "Alága," ó ní, "olè kan ilẹ̀kùn ni o."

Ìgbà tí àwọn ọkùnrin méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ọmọ náà mọ́lẹ̀ ló tó ta bọ́ọ̀lù gba àárín wọn kọjá. Fádérera gbà á, ó ń gbé e lọ. Gàníyù àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ forí sọ ara wọn, wọ́n ṣubú. Gàníyù jókòó sínú eruku, ó ń mí gúlegúle, ó ní, "Bàbá, mi ò lè gbà á o." Alága yí padà, ó gba ilé lọ. Kò dá jẹ́sì padà lọ́dún náà, aṣọ ilé ni àwọn ọmọ fi gbá bọ́ọ̀lù títí ọdún fi yí, ẹnìkankan kò sì tún wá bèèrè ẹgbẹ́ lọ́wọ́ Sìkírátù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá nìyẹn. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá dé Òkè-Ọ̀rúrù lọ́jọ́ kan, tí ẹ̀rù ń bà yín pé wọ́n á gba ilẹ̀ tàbí ipò yín, tí ẹ wá ń sọ pé ẹ kúkú fẹ́ fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á, ẹ má retí kí ẹnikẹ́ni bá yín kẹ́dùn. Wọn á wo ojú yín, wọn á ní: "Olè kan ilẹ̀kùn, o kó ẹrù síta, ta ló jà ọ́ lólè?"